Bí a ṣe ta Audi TT ọdún 2001 kan ní Àkúrẹ́

Audi TT ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn méjì ló ní, àwọ̀ fàdákà ló wà lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1.8 oní-tọ́bò ló gbé e, agbára ẹṣin 225, mánúà oníjíà mẹ́fà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fi ń fa ara rẹ̀. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ apòògùn ló ni ín, Ìjàpọ̀ ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mẹkáníìkì wọn láti ọdún 2009 tí ọkọ̀ náà ti gba Kùtọnu wọlé. Nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹni tí yóò rà á.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, pé ọkọ̀ oní-tọ́bò tó bá ti lé lógún ọdún, kò sí ẹni tí yóò fi owó gidi rà á mọ́, àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ní wẹ́wẹ́ ló kù fún un. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó parí síbẹ̀. Èyí ò parí síbẹ̀, ìwé kan tí Mọ̀mí, ìyá tó ni ọkọ̀ náà, ń kọ ló sì fà á.

Orúnkún ló dá títa náà sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì TT le díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì la sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Láti Ìjàpọ̀ dé Ọjà Ọba nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá wà, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí á fi sú u. Mọ̀mí sọ fún mi pé, “Dókítà ò ní kí n má wa mọ́tò mọ́ o. Orúnkún òsì yìí ló ní kí n dá sí.” Wọ́n ti ra ọtọmátíìkì kékeré kan. Ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn ò fẹ́ TT, ó ní àwọn ọmọ òun ò lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Àgbàlagbà tó bá jókòó síbẹ̀, orí rẹ̀ á máa kan gíláàsì ẹ̀yìn.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ọdún 1995 ni Audi kọ́kọ́ gbé àwòṣe rẹ̀ jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt, ní Jámánì. Ọdún 1998 ló bọ́ sí ọjà. Ìlú Győr ní orílẹ̀-èdè Hungary ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń yọ̀ lẹ́yìn bí wọ́n bá ń sá eré àsápajúdé ní títì márosẹ̀ Jámánì, àwọn kan sì kú. Audi wá fi ìyẹ́ kékeré kan sí etí búùtù kí afẹ́fẹ́ lè máa tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tó ń gbà á mú kó má yọ̀ kún un. Ti Mọ̀mí wà lára àwọn tó ti ní nǹkan méjèèjì láti ilé iṣẹ́. Ìyẹ́ yẹn ṣì máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ kì í ṣe awo. Èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ òmíràn tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó sì ń kì í bọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá kì mọ́ra báyẹn máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí TT 225 fi ní intákúlà méjì níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láti tù ú. Irin àárín yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan péré, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ló sì gbé e dúró. Ọ̀rọ̀ tọ́bò, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni. Ẹni tó bá ń ra ọ́ìlì tí kò mọ ibi tó ti wá, tàbí tó sáré dé láti Iléṣà tó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, inú tọ́bò ni ọ́ìlì yẹn á ti jóná, á wá di èédú mọ́ irin lára. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù, nǹkan ti bàjẹ́ tipẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wo ara òde ọkọ̀ kó rí èyí. Bó ṣe ń dán, bó ṣe ń dún, kò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe sí i lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ló wà nídìí ẹ̀, ta ló sì lè rántí ọdún mẹ́wàá bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀?

Mọ̀mí kọ ọ́ sílẹ̀. Apòògùn ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn tó wọlé àti èyí tó jáde nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń kọ ti ọkọ̀ yìí. Ìwé ńlá ẹléèpo líle ni, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń kọ gbèsè sí. Ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí a ṣe, ẹni tó ṣe é, ibi tí a ti ra ohun èlò, iye tó jẹ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, rìsíìtì sì wà lẹ́yìn ewé kọ̀ọ̀kan. Kìlómítà 96,000 ló wọlé pẹ̀lú, ó sì wà ní 171,000 nígbà tí a fẹ́ tà á. Ọ́ìlì 5W-40 ni wọ́n ń lò, ojúlówó, ní gbogbo kìlómítà 5,000 tàbí lọ́dọọdún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọdún kan wà tí wọn ò rin tó kìlómítà 2,000, síbẹ̀ wọ́n ní kí n da ọ́ìlì nù kí n rọ tuntun.

Mo tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí n tó dá iye kankan lé ọkọ̀. Ní 2011, a pààrọ̀ kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àléébù kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, àwọn tó ṣe é fúnra wọn gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ní 2003. Ní 2016, a pààrọ̀ fáàfù kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́bò sílẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù. Ní 2017, kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Ọ́ìlì Haldex náà wà níbẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò mọ̀ pé ó ní ọ́ìlì àti fílítà tirẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ títí tí ọkọ̀ á fi di ẹlẹ́sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀.

Bẹ́líìtì táímìn, rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì inú ẹ́ńjìnnì máa rìn ní ìbámu, ló fa àríyànjiyàn. A pààrọ̀ rẹ̀ ní 2009, ní 2014, ní 2019. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni mo ń tẹ̀ lé, nítorí ooru ìlú wa kì í jẹ́ kí rọ́bà pẹ́, bí kìlómítà ò tiẹ̀ tíì pé. Nítorí náà, ọdún 2024 tí a fẹ́ tà á gan-an ló tún yẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ọkọ̀ ní ọ̀nà Ọ̀dà ní kí a fi í sílẹ̀, pé èèyàn kì í náwó lé ọjà tó ti ń jáde lọ. Mi ò gbà. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí eré, fáàfù ogún ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí, wọ́n á sì kọlu písítìnì. Ó di ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yìí á yọ ìbẹ̀rù yẹn kúrò nínú owó tó fẹ́ san, ìbẹ̀rù sì wọ́n ju bẹ́líìtì lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ńkọ́? Á wà á lọ, á sì já lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Owó ohun èlò láti Jámánì, bẹ́líìtì, tẹ́ńṣọ́nà tó ń fà á le, pọ́ńpù omi, pẹ̀lú owó iṣẹ́, lé ní ₦400,000. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ ní 2023 ni ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Pọ́ńpù onírin ni mo rà, nítorí ike ni abẹ̀bẹ̀ inú èyí tó bá ọkọ̀ wá, ó sì máa ń fọ́ nínú láìjẹ́ pé omi jò síta. Mọ̀mí wo iye náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ó kú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.” Mo ṣe é, mo kó àwọn ti àtijọ́ sínú páálí kí ẹni tó bá wá wò ó lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Lórí ọ̀dà, àwọn pánẹ́ẹ̀bítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí a kun gbogbo ara rẹ̀ kó máa dán. Mo ní rárá. Fáàsì bọ́dì ni ọkọ̀ náà, ọ̀dà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀, yàtọ̀ sí ìhà bọ́ńpà ẹ̀yìn tí ọ̀kadà kan ha. Bí a bá kun ún tán, ta ni yóò gbà pé kò ní ìjàǹbá rí? A fọ̀ ọ́, a fọ inú rẹ̀, a fi ibi tí ọ̀kadà ha sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wọn agbára ìfúnmọ́ra inú sílíńdà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàrin 10 àti 11 bar, èyí dára púpọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó ti rìn tó bẹ́ẹ̀, pàápàá bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé Mọ̀mí, mo fọwọ́ sí i. Mo rí họ́ọ̀sì kékeré kan tó ti sán lábẹ́ ẹ̀rọ, tí afẹ́fẹ́ tọ́bò ń gbà jò díẹ̀díẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a ò fọwọ́ kàn ni géèjì epo. Dáṣíbọ́ọ̀dù TT àtijọ́ lókìkí burúkú fún èyí: géèjì á ní epo ti dé ìdajì, táńkì á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mọ̀mí ti gbàgbé géèjì yẹn tipẹ́, iye kìlómítà tí wọ́n rìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rọ epo kún ni wọ́n ń wò. A pinnu pé gbolóhùn àkọ́kọ́ tí a óò sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé ni pé géèjì epo ń purọ́.

₦5,500,000 la pè é. Láàrin èmi àti Mọ̀mí, a ti sọ ọ́ pé a ò ní lọ sísàlẹ̀ ₦4,500,000.

Àwọn tó pè lórí fóònù ò yẹ lóhun tí a ń fi ewé púpọ̀ sọ. “Èló ni jálẹ̀?” ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó kí èèyàn. “Ṣé ọtọmátíìkì ni?” ni àwọn yòókù bèèrè, bí mo bá ti ní mánúà ni, ó parí. Èmi ò bá wọn wí. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé, TT kọ́ ló ń wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ọ̀nà FUTA pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe rí ọkọ̀ náà, ó hàn pé ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ó wo ìyẹ́ ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí, pánẹ́ẹ̀bítà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.” Mo ṣàlàyé fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Kò gbà mí gbọ́ títí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wò ó lórí fóònù. Ó wá jókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ohùn tọ́bò. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. “Àbúrò, ọ́ìlì ò tíì gbóná. Jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́ dé Ọbá-Ilé, tí a bá ń bọ̀, wàá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ẹ́.” Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní òun á fún wa ní Corolla òun pẹ̀lú ₦2,000,000 ká ṣe pàṣípààrọ̀. Mọ̀mí ò nílò Corolla. Mo ṣì ń rò ó pé bó bá dàgbà sí i díẹ̀, irú ọkọ̀ yìí á yẹ ẹ́.

Ẹnìkan wá láti Benin tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì nìkan ló ń wá. Ó tẹ́ ₦1,800,000 sílẹ̀, owó lọ́wọ́, láìbéèrè ìwé kankan. Mọ̀mí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi èyí tó kù ṣe. Ó ní àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e. Mọ̀mí ò pariwo, wọ́n kàn sọ fún mi ní ohùn ìsàlẹ̀ pé kí n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ àwọn tó máa sọ pé owó lowó. Fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, mo gbà, jẹ́ kí ara rẹ̀ gbé òmíràn ró. Ṣùgbọ́n láti fi ayùn gé èyí tó pé tó sì ń sáré, ìwà ìfiṣòfò ni, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni dá sí i.

Ẹni tó rà á jẹ́ ẹnjiníà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Oǹdó. Ó ti lo Passat oní-tọ́bò 1.8 rí, nítorí náà ohun tó kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù ni, “Ọ́ìlì wo lẹ ń rọ sí i?” Mo ti mọ̀ pé ẹni tí à ń retí ló pè yẹn. Ó ní ká má tan ẹ́ńjìnnì kí òun tó dé, òun fẹ́ gbọ́ ọ bó bá tútù. Ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí n má bínú. Kí ló kan ìbínú nínú ẹ̀? Ẹni tí kò bá mú mẹkáníìkì wá wo ọkọ̀ oní-tọ́bò tó ti pé ogún ọdún, owó rẹ̀ ló ń fi ṣeré.

Wọ́n tan án, wọ́n dúró sẹ́yìn sálẹ́ńsà, kò sí èéfín búlúù. Wọ́n tú páìpù tó wọ tọ́bò, mẹkáníìkì rẹ̀ fi ìka mi irin àárín lọ mi í bọ̀, kò mì ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n wo inú páìpù intákúlà bóyá ọ́ìlì ti kún un, díẹ̀ báyìí ló wà níbẹ̀. A wà á lọ sí ọ̀nà Ìdànrè, lẹ́yìn tí ó ti gbóná, ó tẹ tọ́rótù lórí òkè kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ní ibi tí yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi jíà kìíní gbéra lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fà bó ṣe yẹ.

Nígbà tí a padà dé Ìjàpọ̀, ó jókòó ti ìwé Mọ̀mí. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ṣe pẹ́ nínú ọkọ̀ lọ. Ó ń fi rìsíìtì wé ọjọ́, ó ń bi Mọ̀mí léèrè, wọ́n sì ń dá a lóhùn láìwo ìwé. Nígbà tó rí páálí bẹ́líìtì àtijọ́, ó gbé tẹ́ńṣọ́nà sókè, ó yí i, ó gbọ́ bó ṣe ń ha, ó gbé e padà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé iyàn ti parí lórí bẹ́líìtì.

Kò tíì parí lórí owó. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ní kí n ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. 2218, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2018. Eyín wọn ṣì ga, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti lé lọ́dún mẹ́fà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sáré. Òótọ́ ni, mi ò sì jiyàn. Ó tún sọ ti epo: táńkì rẹ̀ ń gba lítà 62, epo bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bí ₦190 kí ìrànwọ́ ìjọba tó kúrò ní 2023 ti lé ní ₦1,000. Mọ̀mí ní, “Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ máa rọ epo yẹn, bí ẹ bá ra ọkọ̀ mìíràn náà ẹ máa rọ ọ́. Táyà ni kí ẹ bá mi sọ.” Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í ná an láti ₦4,200,000. Mọ̀mí sọ̀ kalẹ̀ sí ₦5,200,000, wọn ò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ìkẹyìn wọ́n bi mí ní iye táyà mẹ́rin, mo sọ ọ́, wọ́n yọ ọ́. ₦4,850,000 ló dúró sí.

Gbogbo ohun tó kù di ti ìwé. A kò gba pé àlàáàtì ti wọlé lórí fóònù. Mọ̀mí pe báǹkì, wọ́n ní owó ti dé, ká tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ìgbà tó wọlé wà, ìwé ẹ̀rí pé àwọn ni wọ́n ni ọkọ̀ wà. Wọ́n lọ búra ní kóòtù pé àwọn ti tà á, wọ́n sì jọ lọ sí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò láti yí orúkọ padà. Ẹnjiníà fẹ́ fi èyí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Mọ̀mí kọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ ní orúkọ wọn, ta ni ọlọ́pàá máa wá?

Mo dúró ti Ẹnjiníà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní bó bá ti sáré, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó pa á, tàbí kó rọra wà á láti ìkóríta dé ilé. Ọ́ìlì Haldex máa tó yẹ, bẹ́líìtì di 2029. Mọ̀mí fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn, wọ́n kọ 171,000 àti ọjọ́ náà síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbé ìwé lé Ẹnjiníà lọ́wọ́. “Ìwé yìí bá ọkọ̀ lọ,” ni wọ́n wí. “Ẹ máa kọ ọ́.”

Ó pè mí láti Oǹdó lẹ́yìn oṣù Kejìlá. Ohun kan ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ níwájú bó bá bọ́ sínú kòtò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú ló ti jẹ, mo ra méjì fún un láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, mẹkáníìkì rẹ̀ sì fi wọ́n sí i. Ó ya àwòrán ewé ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́, kìlómítà, iye owó, orúkọ mẹkáníìkì, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Mọ̀mí. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé kò kọ ibi tó ti rà á.